Ẹni Tó Ń Gé Koríko Kọ́ Ló Ni Ilẹ̀

Lọ́jọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Rand Paul, sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Kentucky nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń gé koríko láyìíká ilé rẹ̀ ní Bowling Green. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ni alámùúlétì rẹ̀ sáré bò ó látẹ̀yìn, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Egungun ìhà mẹ́fà kán. Níwọ̀n bó ti jẹ́ olóṣèlú, kíá làwọn èèyàn ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rárá. Ohun tí alámùúlétì náà sọ ni pé òkìtì ẹ̀ka igi àti pàǹtírí tí sẹ́nétọ̀ ń kó jọ sétí ààlà àwọn méjèèjì ti sú òun.

Dókítà ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń tọ́jú ojú, èkejì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fífún aláìsàn lóògùn akunnilóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Adájọ́ kọ́kọ́ rán èkejì yìí lẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́ ní 2018. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìyà náà fúyẹ́ jù, nígbà tó sì di 2020 wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́jọ lẹ́wọ̀n àti oṣù mẹ́fà ní àhámọ́ inú ilé. Ṣáájú ìyẹn, ní 2019, júrì ti ní kó san owó tó lé ní 580,000 dọ́là fún sẹ́nétọ̀. Owó tí èèyàn fi ń ra odindi ilé ló bá ẹ̀ka igi lọ.

Ẹjọ́ náà le ju èyí tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣẹ̀ wá kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tó bá ti ra ilé sí Houston, Dallas, Chicago tàbí ìgbèríko Maryland tó fara ti Washington. Nílé, odi ni onílé kọ́kọ́ ń mọ. Kí ìpìlẹ̀ tó jáde nílẹ̀ n'Íbàdàn tàbí n'Ìkòròdú, búlọ́ọ̀kù ti yí plọ́ọ̀tì ká, géètì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, bíkọ̀n tí sọ́fíyọ̀ rì mọ́ igun ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lórí wọn. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ pàápàá kò fi ààlà sílẹ̀ lásán. Pèrègún tàbí akòko ni wọ́n ń gbìn sí i, nítorí igi méjèèjì kì í tètè kú, bí wọ́n bá gé e, á tún hù. Ẹni tó bá fa pèrègún ààlà tu lóru mọ ohun tó ń ṣe, gbogbo abúlé náà sì mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, iwájú ilé kì í sábà ní odi. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tó fara jọ ẹgbẹ́ lańdìlọ́ọ̀dù àmọ́ tó lágbára láti fi gbèsè kọ́ ilé ẹni lọ́rùn, kò tilẹ̀ gbà kí èèyàn ṣe ọgbà síwájú ilé. Koríko onílé kìíní á wọnú ti onílé kejì láìsí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí dé òpin òpópónà. Ó dùn ún wò. Òun náà ló ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí ààlà wà níbẹ̀, ojú ni kò rí i. Koríko kò sì ṣe é pa tì. Ní Chicago, bí èpò bá ga ju ínǹṣì 10 lọ, ìjọba ìlú lè bu owó ìtanràn lé onílé; ní Dallas, ínǹṣì 12 ni. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ẹnì kan á ti ẹ̀rọ dé ìdí ààlà tí kò fojú rí, á sì pinnu ibi tí yóò ti ṣẹ́rí padà.

Ibi tó ti ṣẹ́rí padà yẹn gan-an ni wàhálà wà. Onílé kan fẹ́ kí koríko òun wà ní ínǹṣì méjì. Èkejì gbà pé ínǹṣì mẹ́ta àbọ̀ ló dára, kí oòrùn má baà jó gbòǹgbò. Bí àwọn méjèèjì bá gé e lọ́jọ́ Sátidé kan náà, ìlà á yọ láàárín wọn gbangba, bí ibi tí abẹ onígbàjámọ̀ dúró sí lórí ọmọdé. Ìlà náà kò sí lórí ìwé kankan. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti ẹ̀rọ ló fà á. Ṣùgbọ́n bó bá fi ọdún mẹ́ta wà lójú kan, ojú gbogbo ará àdúgbò á ti mọ́ ọn pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ lágbájá parí sí. Lọ́jọ́ kan, onítọ̀hún á fi ìgbọ̀nwọ́ kan kún un kí ìlà lè gún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á gbin òdòdó síbẹ̀. Lọ́dún kẹta, á to òkúta yí òdòdó ká. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ilẹ̀ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan. Plọ́ọ̀tì tí wọ́n mọ̀ l'Ékòó, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní 120, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 7,200 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn ti yọ̀ǹda 240, ìyẹn ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbé owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún alámùúlétì rẹ̀ lóṣooṣù tí kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe.

Òfin Amẹ́ríkà sì ní ilẹ̀kùn kan tí ọ̀pọ̀ àjèjì kò mọ̀ pé ó ṣí sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń lo ilẹ̀ ẹlòmíì ní gbangba, láìdáwọ́dúró, bí ẹni pé tirẹ̀ ni, láìgba àṣẹ, tí iye ọdún tí ìpínlẹ̀ náà là kalẹ̀ sì pé, ó lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n kọ ilẹ̀ náà sórúkọ rẹ̀. Ọdún 10 ni ní New York, òun náà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà ní Texas. Ọdún 20 ni ní Maryland, Illinois àti Georgia. Ti California kò ju ọdún 5 lọ, àmọ́ ẹni tó ń wá ilẹ̀ gbà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa san owó orí ilẹ̀ náà, èyí sì ti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ alárékérekè. Nínú gbogbo ohun tí òfin kà sílẹ̀ yìí, “láìgba àṣẹ” ni ohun tó yẹ kí onílé há sórí. Ibẹ̀ ni oògùn rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ adájọ́ ti sọ pé gígé koríko nìkan kò tó láti fi gba ilẹ̀, wọ́n sì jàre. Ẹni tó gé koríko alámùúlétì rẹ̀ lè jẹ́ onínúure, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló fẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Àmọ́ koríko kì í dá wá sí kóòtù. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York dá ẹjọ́ ìdílé méjì tó múlé ti ara wọn. Ìdílé kìíní ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ilẹ̀ kékeré kan tó wà nínú ìwé ìdílé kejì. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbin koríko, wọ́n ń gé e, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ kí omi lè gbabẹ̀ ṣàn, wọ́n sì ri òpó kan tí wọ́n gbé ilé ẹyẹ lé lórí. Nígbà tí àwọn tó ni ìwé fi máa wá sọ pé tàwọn ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilé ẹjọ́ ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ni ín. Bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé ẹlòmíì ló wà lórí ilẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ ní mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ kò ba ẹjọ́ wọn jẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 2008, àwọn aṣòfin New York yí òfin padà. Òfin tuntun sọ ọ́ láìfi bò pé gígé koríko àti irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tó bá kọjá ààlà, ìyọ̀ǹda ni ìjọba yóò kà á sí, kì í ṣe gbígba ilẹ̀. Ó fi ọgbà, òdòdó, igi ọgbà àti ahéré ìkẹ́rùsí kún un, bí wọn kò bá ti ju ohun kékeré lọ. Ó tún ní ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání tó fi gbà pé tòun ni.

Òfin tó dára ni. Àwọn lọ́yà kan lè máa bá a jà lórí ohun tó ń jẹ́ “kékeré”, ẹnu wọn ni wọ́n sì fi ń jẹun, àmọ́ ìpìlẹ̀ òfin náà dúró ire. Bí gígé koríko bá lè sọ ilẹ̀ di ti ẹni tó gé e, kò sí onílé tí ara rẹ̀ yóò balẹ̀ bí alámùúlétì bá ṣe é lóore. Ìpínlẹ̀ tí kò bá là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó onínúure àti olè sínú àpò kan náà, ó wá ń retí kí adájọ́ yà wọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí ìdajì àwọn ẹlẹ́rìí bá ti kó lọ sílùú mìíràn.

Ṣùgbọ́n ibi tí òfin kò bá dé, ẹnu onílé ló yẹ kó débẹ̀, ẹnu yìí gan-an ló sì máa ń wúwo fún ọmọ Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá ń ṣàròyé lórí ohun tí kò tó nǹkan, ahun ni. Ó lè fi ọdún mẹ́fà máa wo alámùúlétì rẹ̀ bó ṣe ń fi ẹ̀rọ wọ ilẹ̀ rẹ̀. Á juwọ́ sí i, á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Bó bá wọlé tán, á wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Ṣé o rí ọkùnrin yìí báyìí?” Ìyàwó á ní, “Ẹ jẹ́ kó máa gé e o, Bàbá Ìbejì. Iṣẹ́ yín ló ń bá yín dín kù.” Ó ń dín iṣẹ́ kù lóòótọ́. Ọdún sì ń gorí ọdún.

Ìdákẹ́ yẹn ni àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ààlà, ó pọ̀ ju ìbínú lọ. Ẹni tó bínú ti sọ̀rọ̀, kódà bó sọ ọ́ láìdáa. Ẹni tó dákẹ́ ń fún alámùúlétì rẹ̀ ní ohun tí òfin ń wá gẹ́lẹ́: ìlò gbangba láìgba àṣẹ. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé inú onídàákẹ́ kò dákẹ́. Ó ń ka gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ kọjá, ọjọ́ tó bá sì wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà ni yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Alámùúlétì tó rò pé oore lòun ń ṣe á wá dúró, á máa wòye ohun tó kọlu ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda. Ẹni tí wọ́n bá ti fún láṣẹ lórí ilẹ̀ kò lè padà wá sọ pé òun lò ó láìgba àṣẹ. Lẹ́tà kan tó, kò sì yẹ kó ju ìlà mélòó kan lọ: “Inú wa dùn sí bí ẹ ṣe ń bá wa gé koríko ẹ̀gbẹ́ ilé wa, láti ìdí igi ńlá títí dé etí òpópónà. Ilẹ̀ náà wà nínú ìwé tiwa. A yọ̀ǹda kí ẹ máa gé e. A lè gba ìyọ̀ǹda náà padà nígbàkigbà, kò sì sọ ilẹ̀ náà di tiyín.” Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Bí alámùúlétì bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, kí onílé fi ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́nà tí yóò fi ní ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ rẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀. Bí ilé kejì bá bọ́ sọ́wọ́ onílé tuntun, kó kọ òmíràn. Ohun kan ṣoṣo tí lẹ́tà kò lè ṣe ni pé kó dá ọdún tó ti pé padà. Ẹni tó bá rí i pé iye ọdún ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti kọjá, kó kọ́kọ́ rí lọ́yà kó tó kọ ohunkóhun.

Àwọn kan á ní ìwé kì í jẹ́ kí àárín gún, pé ohun tó yẹ kí èèyàn fi ẹ̀rín sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń buwọ́ lù. Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí àlejò bá tọrọ ilẹ̀ dá oko lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, wọn kì í tà á fún un, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ láìní àmì. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san. Ó lè jẹ́ iṣu mélòó kan lọ́dún, ó lè jẹ́ epo, ó lè jẹ́ owó nígbà tí kòkó dé. Kì í ṣe iṣu yẹn ni ebi rẹ̀ ń pa onílẹ̀. Ohun tó ń gbà ni ẹ̀rí ọdọọdún pé àlejò mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Àlejò lè lò ó títí dé ọmọ ọmọ rẹ̀ láìsí ẹni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu, bó bá ṣáà ti ń san án, tí kò sì sẹ́ onílẹ̀. Ọjọ́ tó bá sẹ́ ẹ ni ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kò sí ẹni tó sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ ń ba àárín jẹ́. Òun ló mú kí àlejò àti onílẹ̀ lè jọ gbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìbi ara wọn léèrè. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda lórí koríko, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ìwé ló rọ́pò iṣu.

Kí onílé tó kọ lẹ́tà náà, ó yẹ kó mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Àwọn kan á ṣí àwòrán ilẹ̀ káúńtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí ìlà tó gba àárín òrùlé alámùúlétì kọjá, ni wọ́n bá gbéra. Owó orí ni wọ́n ṣe àwòrán yẹn fún, ó sì lè fi ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan yà kúrò lójú òtítọ́. Àwọn mìíràn á mú ìwé tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ra ilé jáde. Ní Maryland, location drawing lèyí máa ń jẹ́, ìkìlọ̀ sì wà lára ìwé náà fúnra rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e láti ṣe ọgbà. Ọgbà àtijọ́ kì í ṣe ààlà bákan náà. Ẹni tó ri í lè ti fà á sẹ́yìn nítorí àpáta tàbí gbòǹgbò igi.

Irin ni ààlà. Ní igun ilẹ̀, sọ́fíyọ̀ máa ń ri ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń fi ike kékeré dé e lórí, tí nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lára ike náà. Ọdún á gorí ọdún, koríko á bò ó, iyẹ̀pẹ̀ ínǹṣì mélòó kan á wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ káúńtì, tó yá ẹ̀rọ tó ń ké bó bá kan irin, lè rí i láàárín ọ̀sán kan. Bí kò bá rí i, tàbí tí alámùúlétì bá ń jiyàn, kí wọ́n pe sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni, nígbà mìíràn ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, owó náà sì dun ni. Lọ́yà á gba ìlọ́po rẹ̀ kó tó dé iwájú adájọ́ rárá. Bí àwọn méjèèjì bá lè dá owó sọ́fíyọ̀ jọ, ó tún dára jù, nítorí ẹni tó bá san nínú owó náà kì í rọrùn fún un láti sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Irin tí wọ́n bá sì rí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìwé Diutarónómì orí 27 fi ègún lé ẹni tó bá yẹ ààlà ọmọnìkejì rẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sì kà á sí ọ̀ràn bí wọ́n bá fi ṣe jìbìtì.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹnì kẹta tí àwọn èèyàn ń gbàgbé: alágbàṣe tó ń gé koríko. Lọ́pọ̀ àdúgbò, onílé kò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Ọkùnrin mẹ́ta á sọ̀ nínú ọkọ̀ àjàgbé, ọ̀kan á gorí ẹ̀rọ ńlá, ọ̀kan á máa fẹ́ ewé, ọ̀kan á gbé ẹ̀rọ olókùn, á máa fi ṣán ìdí igi àti etí ọgbà. Wọ́n ní ilé mẹ́wàá láti gé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn kò mọ ààlà ẹnikẹ́ni. Yorùbá tó gbin ewúro tàbí tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ní Houston mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: á dé láti ibi iṣẹ́, á bá ewúro tó ti ga dé orúnkún tí okùn ti ṣán án dé ìdí, ewé ti tú káàkiri, igi kékeré funfun méjì ló kù lókè ilẹ̀. Ewúro á tún hù, kò ní í ṣe é tì. Àmọ́ ẹni tó bá lọ kan ilẹ̀kùn alámùúlétì pẹ̀lú ewé lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò mọ̀ sí i ló fẹ́ bá jà. Ohun tó yẹ ni igi kékeré mẹ́ta tí wọ́n fi ribọ́ọ̀nù pupa so, kí wọ́n rì í mọ́ ìdí ewúro, kí wọ́n sì fi sọ fún alámùúlétì kó bá àwọn alágbàṣe rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tó bá ń fín oògùn apaèpò tún le ju ẹ̀rọ lọ, nítorí atẹ́gùn kò mọ ààlà. Ẹ̀fọ́ tí oògùn bá fẹ́ sí kò yẹ ní jíjẹ.

Èrò àwọn kan ni pé ọgbà ló ń parí ìjà. Ọmọ Yorùbá pàápàá, tí odi ti mọ́ lára, á ti fẹ́ mọ ọ́n kíá. Ó lè tọ́ lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ri ọgbà kó tó pe sọ́fíyọ̀ ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹjọ́: bó bá fi ínǹṣì mẹ́fà wọ ilẹ̀ ẹlòmíì, wọ́n lè ní kó fà á tu, bó bá fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sá sẹ́yìn nítorí kó má baà jà, ó ti ya ẹsẹ̀ bàtà méjì náà sọ́tọ̀ fún alámùúlétì, àmì rẹ̀ sì nìyẹn tó dúró gbọnin. Ó gbọ́dọ̀ ka òfin ẹgbẹ́ onílé àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, kó sì pe 811 kó tó gbẹ́ ihò kankan, kí wọ́n wá fi ọ̀dà fa ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti ẹni tó ń gé kọjá ààlà, tí inú rẹ̀ sì mọ́, ohun tó yẹ kó ṣe kò pọ̀. Kó béèrè. Arúgbó tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa yọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun gé e. Ó sì lè máa bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ òun, tí kò sì mọ ẹni tí yóò sọ fún. Ìbéèrè kan á yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ta òkúta fọ́ fèrèsé lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbéèrè tó ti béèrè tẹ́lẹ̀ ni yóò jẹ́ kí wọ́n pè é ní èèṣì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá ẹnu àwọn méjèèjì, kóòtù kọ́ ni ibi tó kàn. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, àwọn méjì yìí sì máa jí bá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan náà lọ́jọ́ kejì ìdájọ́. Láti 1981 ni New York ti ní ètò ibùdó ìlàjà àdúgbò. Maryland àti Texas ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé l'Ékòó rí á rántí Citizens' Mediation Centre ìjọba ìpínlẹ̀ náà, tí kì í gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè jókòó, kí ẹnì kan tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni wà láàárín, kí wọ́n tẹ́ ìwé sọ́fíyọ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ síbẹ̀ kò sọ ara rẹ̀ di ojo. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ẹni tó bá mọ èyí tó yẹ kó sọ ní ẹnu ọ̀nà alámùúlétì rẹ̀ kì í sábà dé ibùdó ìlàjà rárá.

Bí onílé bá sì fẹ́ ta ilé láìtíì yanjú rẹ̀, ìjà náà á bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń ta ilé ń kún ń béèrè bóyá ó mọ̀ nípa ìjà ààlà tàbí ohun tó wọ ilẹ̀. Ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn tó ti ná owó tán.

Koríko á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní oṣù kẹrin. Ṣáájú ìgbà yẹn, kí onílé tó ń gbé nírú àdúgbò yìí mú ìwé ilé rẹ̀ jáde, kó wá irin igun ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi rí i, kó sì kan ilẹ̀kùn alámùúlétì rẹ̀ kí wọ́n jọ wò ó. Bí àwọn méjèèjì bá ti rí irin náà, kí wọ́n kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.